Ààrẹ àná, gómìnà àná: agbára wo gan-an ló kù lọ́wọ́ wọn?

Ọmọ Ìtòkú:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ Lísàbí. Ìgbàkígbà tí Bàbá wa l'Òkè-Mósàn, Ọbásanjọ́, bá ti kọ lẹ́tà sí ààrẹ tó wà lórí oyè, ariwo á sọ. Níbi tí wọ́n ti ń ta ìwé ìròyìn ní Pánṣẹ́kẹ́, apá kan á ní ọ̀rọ̀ ti bùṣe, pé ẹni tí Ẹbọra Òwu bá ti kọ lẹ́tà sí, ilé ló ń lọ. Apá kejì á ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀, pé ẹni tí kò sí nípò mọ́ kò ní ju ẹnu lọ.

A fẹ́ bá àwọn ọ̀dọ́ wọ́ọ̀dù wa jíròrò ọ̀rọ̀ yìí kí ìpolongo ìdìbò 2027 tó gba gbogbo etí, mi ò sì fẹ́ kó jẹ́ "wọ́n ní, wọ́n pé". Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ kí ẹ là yé wa. Kí ni òfin fún ẹni tó ti ṣe ààrẹ rí? Níbo ni èyí tí òfin ò kọ sílẹ̀ ti ń wá, tí gómìnà tó ti kúrò nípò tipẹ́ ṣì fi ń sọ ẹni tí yóò ṣe alága káńsù? Ṣé a sì lè fi nọ́ńbà mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ń yí ìbò padà?

Ìlú tó ni Ọbásanjọ́ àti Shonekan, tó tún ni Abíọ́lá tó wọlé ní 12 June 1993 tí wọn ò jẹ́ kó jókòó, kò yẹ kó máa sọ irú ọ̀rọ̀ báyìí láì mọ ìdí rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́.


Agbẹjọ́rò Kútọ̀:

Àbúrò, o káre. Ti òfin ni n ó mú, kí àwọn tó mọ ti òṣèlú mú tiwọn.

Ohun kan ṣoṣo tó kan ọ̀rọ̀ ìṣèjọba ni ìwé òfin 1999 fi sílẹ̀ fún ààrẹ àná: ìjókòó nínú Council of State. Abala 153 ló dá ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀, Àfikún Kẹta ló sì ka àwọn tó wà níbẹ̀. Ààrẹ ni alága, igbákejì rẹ̀ ni igbákejì alága. Lẹ́yìn wọn ni gbogbo ẹni tó ti ṣe ààrẹ tàbí olórí ìjọba àpapọ̀ rí, ì báà jẹ́ ológun, ì báà jẹ́ alágbádá. Àwọn adájọ́ àgbà orílẹ̀-èdè tó ti fẹ̀yìn tì wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ààrẹ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà, olórí ilé aṣojú-ṣòfin, gbogbo gómìnà àti agbẹjọ́rò àgbà ìjọba àpapọ̀.

Ẹ wo ẹni tí kò sí níbẹ̀. Igbákejì ààrẹ àná kò sí níbẹ̀, nítorí náà Atiku ò ní ìjókòó, Ọ̀ṣínbàjò ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ náà ò ní. Gómìnà àná kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Shonekan, tí kò lo oṣù mẹ́ta pé lórí oyè ní 1993, ní ìjókòó tirẹ̀ títí tó fi kú ní January 2022, torí "olórí ìjọba" ni òfin kọ, kò kọ "ẹni tí a dìbò yàn".

Iṣẹ́ wọn ni ìmọ̀ràn. Wọ́n ń gba ààrẹ nímọ̀ràn lórí ètò ìkànìyàn, lórí ìdáríjì fún ẹlẹ́wọ̀n, lórí oyè orílẹ̀-èdè, lórí INEC, lórí NJC tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn adájọ́, àti lórí NPC tó ń ka èèyàn. Tó bá wu ààrẹ, ó tún lè bi wọ́n léèrè nípa ààbò ìlú tàbí ohunkóhun mìíràn. Ibi tí ọ̀rọ̀ wọn ti wúwo jù ni abala 154(3), tó ní ààrẹ gbọ́dọ̀ fọ̀rọ̀ lọ̀ wọ́n kó tó yan alága tàbí ọmọ ìgbìmọ̀ INEC. Abala 175(2) sọ irú rẹ̀ lórí ìdáríjì.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Fífọ̀rọ̀ lọ èèyàn yàtọ̀ sí gbígba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Tí ààrẹ bá yan ẹnì kan láì fọ̀rọ̀ lọ̀ wọ́n rárá, yíyàn náà ní àléébù tí wọ́n lè gbé lọ sílé ẹjọ́. Tó bá ti fọ̀rọ̀ lọ̀ wọ́n tán, tí wọ́n wá ní àwọn ò fẹ́, kò sí ibì kan nínú ìwé òfin tó dè é lọ́wọ́. Ẹni tó lè dá a dúró lórí alága INEC ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà, torí abala 154(1) ní wọ́n gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i.

Àpẹẹrẹ kan tí kò tíì pẹ́: ní 9 October 2025, Council of State jókòó. Wọ́n fọwọ́ sí Ọ̀jọ̀gbọ́n Joash Amupitan gẹ́gẹ́ bí alága INEC, wọ́n sì fọwọ́ sí orúkọ èèyàn 175 tí ààrẹ fẹ́ ṣàánú fún. Ti Amupitan kò parí síbẹ̀, ilé aṣòfin àgbà tún pè é, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì fọwọ́ sí i lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ti ìdáríjì ló ṣe pàtàkì sí ọ̀rọ̀ wa. Nígbà tí aráàlú figbe ta pé àwọn tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi ìpànìyàn àti òwò oògùn olóró wà nínú ìwé náà, ààrẹ tún un yẹ̀ wò, ó sì yọ orúkọ púpọ̀ kúrò kí oṣù náà tó parí. Igbe ìta ló ṣe ohun tí ìjókòó àwọn àgbà ò ṣe.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ náà. Lẹ́yìn tí Buhari kú ní July 2025, olórí àná márùn-ún ló kù: Gowon, Ọbásanjọ́, Babangida, Abdulsalami àti Jonathan. Gómìnà jẹ́ 36. Ààrẹ, igbákejì rẹ̀, olórí ilé aṣòfin méjèèjì àti agbẹjọ́rò àgbà jẹ́ márùn-ún. Ká tó ka àwọn adájọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, wọ́n ti di èèyàn 46. Abala 159 ní tí ìdá kan nínú mẹ́ta wọn bá ti jókòó, ìpàdé ti pé, ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìbò kan, ọ̀pọ̀ ló sì ń borí. Bí àwọn àgbà márààrún bá fohùn ṣọ̀kan pátápátá, gómìnà mẹ́fà péré ti ju tiwọn lọ. Iyì wà níbẹ̀ lóòótọ́, àti àǹfààní láti bá ààrẹ sọ̀rọ̀ lójúkojú láì gba ọwọ́ ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n àṣẹ kò sí níbẹ̀.

Ti pípadà sórí oyè, abala 137(1)(b) ti dí i mọ́ ẹni tí wọ́n bá ti dìbò yàn lẹ́ẹ̀mejì. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ sáà kẹta Ọbásanjọ́ fi gba kí wọ́n tún ìwé òfin ṣe, tí ilé aṣòfin àgbà sì dà á nù ní 16 May 2006. Jonathan nìkan ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀: ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n dìbò yàn án sípò ààrẹ, ní 2011, ilé ẹjọ́ gíga àpapọ̀ ní Yenagoa sì sọ ní May 2022 pé àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí abala náà ní 2018 kò kàn án, torí ó ti kúrò nípò kó tó dé.


Òǹkàwé Pánṣẹ́kẹ́:

Ẹ̀gbọ́n agbẹjọ́rò, ẹ kú àlàyé. Ẹ jẹ́ kí n mú ìbéèrè kejì, torí ibẹ̀ ni iná ti ń jó gan-an. Agbára olórí àná ń wá láti ara àwọn èèyàn tó ti gbìn sílẹ̀, irúgbìn yẹn sì ní ìgbà tó máa ń gbẹ.

Tí gómìnà bá lo ọdún mẹ́jọ, òun ló ń yan kọmíṣọ́nnà, òun ló ń fọwọ́ sí olùdíje káńsù, òun ló ń sọ ẹni tí yóò ṣe olórí àjọ yìí àti àjọ yẹn. Ìyẹn ni aráàlú ń rí. Èyí tí wọn kì í rí ni wọ́ọ̀dù. Wọ́ọ̀dù 236 ló wà ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ní ìjọba ìbílẹ̀ 20. Nínú ẹgbẹ́ òṣèlú, ìgbìmọ̀ aláṣẹ wọ́ọ̀dù ló ń forúkọ ọmọ ẹgbẹ́ sílẹ̀, ìwé orúkọ yẹn ló sì ń sọ ẹni tó lè kópa nínú ìdìbò abẹ́lé. Ẹni tó bá mú wọ́ọ̀dù ló mú ìjọba ìbílẹ̀. Ẹni tó bá mú ìjọba ìbílẹ̀ ló ń sọ ẹni tí yóò ṣe dẹ́lígéètì, ìyẹn aṣojú tó ń dìbò abẹ́lé. Níbi tí ẹgbẹ́ bá ti lo dẹ́lígéètì, àwọn ló ń fa olùdíje kalẹ̀. Gbogbo àkàbà yìí ni àwọn olóṣèlú ń pè ní structure. Nígbà tí sáà ọ̀gá bá parí, alága wọ́ọ̀dù kì í bá a lọ sílé. Bí ẹni àná ṣe ń di bàbá ìsàlẹ̀ nìyẹn.

Òfin ìdìbò 2022, abala 84, fi ọ̀nà mẹ́ta sílẹ̀ nígbà náà fún ẹgbẹ́ láti fa olùdíje kalẹ̀: kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ dìbò, kí dẹ́lígéètì dìbò, tàbí àfẹnukò. Nǹkan méjì ló wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ yín mọ̀. Ti àfẹnukò kọ́kọ́: gbogbo ẹni tí ẹgbẹ́ ti yẹ̀ wò tó fẹ́ du ipò náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé pé òun ti yọwọ́, pé òun sì fara mọ́ ẹni tí wọ́n mú. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá kọ̀, àfẹnukò ti dànù, wọ́n gbọ́dọ̀ lọ dìbò. Níbẹ̀ ni bàbá ìsàlẹ̀ ti máa ń kọsẹ̀: ó ti kéde ọmọ rẹ̀ ní gbangba kó tó gba ìwé lọ́wọ́ àwọn yòókù. Èkejì, abala 84(8) ní dẹ́lígéètì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí wọ́n dìbò yàn. Ní 2022, àwọn aṣòfin àtàwọn tó wà nípò tí wọ́n ti ń fi ipò wọn ṣe dẹ́lígéètì láti ọjọ́ pípẹ́ ò lè dìbò, ilé aṣòfin ṣe àtúnṣe sí i lójú ẹsẹ̀, Buhari ò fọwọ́ sí i. Bí ọwọ́ ẹni tó ń darí wọ́ọ̀dù ṣe lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ nìyẹn. Òfin 2022 ni mò ń sọ o. Kí ẹ tó bá àwọn ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀ lórí 2027, ẹ ka òfin tó wà lóde báyìí.

Kí ló wá ń jẹ́ kí irúgbìn náà gbẹ? Owó àti ọjọ́. Ẹni tó wà nípò ló ń fọwọ́ sí owó, láàárín ọdún méjì, alága wọ́ọ̀dù tí kò bá rí nǹkan gbà lọ́wọ́ ọ̀gá àná á ti bẹ̀rẹ̀ sí í kí ọ̀gá tuntun. Ẹ wo Ògùn tiwa. Ní 2011, Gbénga Daniel tó ń lọ àti Ọbásanjọ́ tó ti lọ já ara wọn gbà nínú PDP. Ọ̀gágun Olúrìn ló dúró fún PDP, Gbóyèga Ìsíákà tí Daniel fẹ́ gba PPN lọ, Amósùn sì fi ACN wọlé láàárín wọn. Ní 2019, ó kan Amósùn náà. Akínládé ló fẹ́, APC l'Ábùjá mú Dàpọ̀ Abíọ́dún, Akínládé sì bọ́ sínú APM. Abíọ́dún ní 241,670, Akínládé ní 222,153. Ìbò 19,517 péré ló là wọ́n, torí Amósùn ṣì jókòó ní ọ́fíìsì gómìnà l'Òkè-Mósàn nígbà yẹn. Nígbà tí 2023 fi dé, ó ti lo nǹkan bí ọdún mẹ́rin níta. Bíyì Ọ̀tẹ́gbẹ́yẹ tó tì lẹ́yìn nínú ADC ní 94,754, nígbà tí Abíọ́dún ní 276,298 tí Ládi Adébùtù ti PDP sì ní 262,383.

Ẹ má fi nọ́ńbà Akínládé ní 2019 wé ti Ọ̀tẹ́gbẹ́yẹ ní 2023 lásán ṣá. Akínládé fúnra rẹ̀ ti di igbákejì Adébùtù ní 2023, nítorí náà apá kan nínú àwọn tó dìbò fún un ní 2019 ti tẹ̀ lé e lọ sínú PDP. Bàbá ìsàlẹ̀ ò pàdánù gbogbo wọn nítorí pé ó kúrò nípò nìkan. Ọmọ tó fà kalẹ̀ náà kó tirẹ̀ lọ.

Èkó ni irúgbìn ò gbẹ. Tinúbú kúrò nípò gómìnà ní 2007. Ní October 2018, ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn náà, Ambode tó jẹ́ gómìnà fìdí rẹmi nínú ìdìbò abẹ́lé APC: Sanwó-Olú 970,851, Ambode 72,901. Èmi ò rí àlàyé mìíràn ju pé wọn ò fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ sọ́wọ́ gómìnà l'Èkó. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní GAC ló ń pín ipò, gómìnà jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n ń pín in fún. Ní Ògùn, gómìnà kọ̀ọ̀kan ló ń kó ẹgbẹ́ sínú àpò ara rẹ̀, tó bá ń lọ, ẹni tó dé á tú àpò náà dà nù. Nígbà tí Tinúbú dúró ní Ìbarà níhìn-ín ní June 2022 tó ní "èmi ló kàn", ohun tó ń kà sílẹ̀ gan-an ni àwọn tó ti gbé dé ipò. Kì í ṣe ipò tó ti dì mú rí.


Oníṣirò Láfẹ́nwá:

Ìbéèrè kẹta ni tèmi. Mo mú ìdìbò ààrẹ mẹ́ta ní ìpínlẹ̀ Ògùn, torí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Ọbásanjọ́ sọ ibi tó dúró sí ní gbangba.

2015: wọ́n fa káàdì PDP rẹ̀ ya nílé rẹ̀ níhìn-ín ní February, ó kẹ̀yìn sí Jonathan. Ní Ògùn, Buhari ní 308,290, Jonathan ní 207,950.

2019: òun àti Atiku parí ìjà l'Abẹ́òkúta ní October 2018, ó ní òun wà lẹ́yìn rẹ̀. Buhari ní 281,762, Atiku ní 194,655.

2023: ní 1 January, ó kọ̀wé pé Peter Obi ni kí àwọn ọ̀dọ́ mú. Tinúbú ní 341,554, Atiku ní 123,831, Obi ní 85,829.

Ẹ̀ẹ̀kan péré nínú ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ògùn gba ọ̀nà tó nà sí, 2015 yẹn gan-an kò sì ṣeé kà sí tirẹ̀ nìkan, torí ẹgbẹ́ Amósùn ti ń ṣèjọba ìpínlẹ̀ yìí láti 2011. Ẹ rántí 1999 náà: Falae tó bá a du ipò ààrẹ ló mú ilẹ̀ Yorùbá, Ògùn wà níbẹ̀, Ọbásanjọ́ sì fi ìbò àwọn agbègbè mìíràn wọlé pẹ̀lú ìdá 62.78 nínú ọgọ́rùn-ún. Láti ìbẹ̀rẹ̀ wá, ilé kọ́ ni agbára ìbò rẹ̀ wà.

Tí àwọn ọ̀dọ́ yín bá fẹ́ lọ sísàlẹ̀ ju ìpínlẹ̀ lọ, kí wọ́n ṣe é báyìí. Kí wọ́n lọ sórí IReV, ìkànnì tí INEC ń gbé àwòrán èsì ìdìbò sí, kí wọ́n ṣí wọ́ọ̀dù wọn ní ìdìbò February 2023, kí wọ́n wo àwòrán fọ́ọ̀mù EC8A fún ibùdó ìdìbò kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n kọ iye tí wọ́n yẹ káàdì wọn wò, iye ìbò tó dára, àti ti ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ìbò tó dára ni kí wọ́n fi wéra, kí wọ́n má fi iye ìbò gan-an wéra, torí iye tó jáde ń yí padà. Lẹ́yìn náà kí wọ́n fi wọ́ọ̀dù náà wé wọ́ọ̀dù tó múlé gbè é, kí wọ́n tún fi wé ìdìbò gómìnà ti 18 March, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré lẹ́yìn rẹ̀. Bí ìbò ẹgbẹ́ kan bá ga ní wọ́ọ̀dù wọn yẹn tí kò ga níbòmíì, ọwọ́ ẹnì kan wà níbẹ̀. Bó bá ga káàkiri, afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ ní gbogbo ìlú ni.

Ohun tó máa ń ba ìṣirò yìí jẹ́: IReV kò sí ní 2019, 2020 ló dé. Ní 2021, INEC sọ ibùdó ìdìbò di 176,846 láti nǹkan bí 120,000, nítorí náà ibùdó kan tí ẹ mọ̀ ní 2019 lè ti pín sí méjì tàbí mẹ́ta ní 2023. Ẹ má fi ibùdó wé ibùdó láàárín ọdún méjèèjì yẹn. Wọ́ọ̀dù ni kí ẹ fi wéra, lórí fọ́ọ̀mù EC8B tí wọ́n ń ṣàkójọ èsì wọ́ọ̀dù sí. Ti 2019 gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ̀dà tí INEC fi òǹtẹ̀ lù.


Ọmọ Gbágùrá:

Nọ́ńbà yín péye, ẹ̀yin ará, ṣùgbọ́n ibi tí ẹ ń wò kọ́ ni ọ̀rọ̀ wà. Lẹ́tà olórí àná kì í ṣe fún olùdìbò Ìtòkú. Àwọn gómìnà, àwọn aṣòfin, àwọn olówó ẹgbẹ́ àti àwọn ìjọba òkèèrè ló ń kọ ọ́ sí. Ẹ wo àkókò rẹ̀.

Ní January 2010, Yar'Adua wà lórí àìsàn ní òkèèrè, kò gbé ìjọba fún igbákejì rẹ̀. Ọbásanjọ́ dìde ní gbangba, ó ní ẹni tí ara rẹ̀ kò bá gbé iṣẹ́ mọ́, ọ̀nà iyì wà tó yẹ kó gbà. Òun ló fi Yar'Adua síbẹ̀ ní 2007, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi wúwo. Ní 9 February, ilé aṣòfin méjèèjì sọ Jonathan di adelé ààrẹ. Kì í ṣe òun nìkan ló fà á, ṣùgbọ́n ó ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn ọmọ PDP tó ń bẹ̀rù láti sọ̀rọ̀.

Ní November 2013, gómìnà márùn-ún ti fi PDP sílẹ̀ lọ sí APC. Ọjọ́ 2 December ni déètì tó wà lórí lẹ́tà Ọbásanjọ́ sí Jonathan, ojú ewé 18. Ní 18 December, aṣojú-ṣòfin 37 tẹ̀ lé àwọn gómìnà náà. Ògiri ti lanu kí lẹ́tà tó dé. Ohun tí lẹ́tà ṣe ni pé ó fún ẹni tó fẹ́ sá lọ ní ohun tí yóò wí.

Ẹ fi 2018 wé e. Ní January ọdún náà, ó kọ̀wé sí Buhari pé kó má du sáà kejì. Ó dá àjọ kan sílẹ̀ tó padà wọnú ADC. Buhari dù ú, ó sì wọlé pẹ̀lú 15,191,847 sí 11,262,978 Atiku. Kí ló yàtọ̀? Àwọn olórí ilé aṣòfin méjèèjì bá PDP lọ ní 2018, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ gómìnà tó ní ìbò lọ́wọ́ ní Àríwá ò kúrò lẹ́yìn Buhari. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá lẹ́tà yóò ṣiṣẹ́, kó ka iye gómìnà tó ti ń bínú kí lẹ́tà tó jáde.

Mo tún fẹ́ kí ẹ ka èyí tí kò ní ariwo mọ́ ọn. Ìgbìmọ̀ àlàáfíà tí Abdulsalami ṣe alága rẹ̀ kò ní abala òfin kankan tó gbé e ró. Síbẹ̀ ìgbìmọ̀ náà ló mú kí àwọn olùdíje fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà kí ìdìbò 2015 tó wáyé, tó sì wà láàárín Jonathan àti Buhari nígbà tí èsì ń jáde. Fún èmi, iṣẹ́ tó yẹ olórí àná jù lọ nìyẹn. Babangida pẹ̀lú: ní February 2025 ló fẹnu ara rẹ̀ sọ pé Abíọ́lá ló wọlé ní 1993. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, kò dá ìjọba padà. Ṣùgbọ́n ọdún 31 ni ìdílé kan àti ìlú yìí ti fi ń dúró dè é, ẹni tó fagi lé ìbò náà nìkan ló sì lè sọ ọ́ kó wúwo tó bẹ́ẹ̀.


Òǹkàwé Pánṣẹ́kẹ́:

Mo gba ti 2013. Ẹ ṣáà rántí pé ìdìbò abẹ́lé PDP ṣì kù ní ọdún kan nígbà yẹn. Lẹ́tà 2023 jáde nígbà tí gbogbo ẹgbẹ́ ti fa olùdíje kalẹ̀ ní oṣù méje sẹ́yìn, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ péré ló kù sí ìdìbò. Dẹ́lígéètì kankan ò sí níbẹ̀ mọ́ tí yóò bà lẹ́rù.


Ọmọ Ìtòkú:

Ẹ ṣeun gan-an. Ohun kan ṣoṣo ló kù. Àwọn ọ̀dọ́ á béèrè owó. Èló ni ìlú ń ná lórí wọn, níbo ni a sì ti lè rí i láì gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp?


Agbẹjọ́rò Kútọ̀:

Ọ̀nà méjì ni owó náà ń gbà, àwọn èèyàn sì máa ń pò ó pọ̀.

Àkọ́kọ́ ni owó ìfẹ̀yìntì, abala 84(5) ìwé òfin 1999: iye tó bá owó ọdọọdún ààrẹ tó wà lórí oyè dọ́gba, títí ẹni náà yóò fi kú, àyàfi tí wọ́n bá yọ ọ́ nípò tàbí tó bá tẹ òfin lójú. Owó ìpìlẹ̀ ààrẹ lábẹ́ òfin 2008 ni 3,514,705 náírà lọ́dún, ìyẹn nǹkan bí 292,892 lóṣù. Owó yìí kéré sí ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò.

Ibi tó ti wúwo ni èkejì, òfin nọ́ńbà 32 ti 1999, tí ìjọba ológun ṣe nígbà tó ń lọ. Ó fún olórí àná ní ilé oníyàrá márùn-ún tí wọ́n ti kó ẹrù sí níbi tó bá fẹ́ ní Nàìjíríà, ọ́fíìsì, ọkọ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń pààrọ̀ lọ́dún mẹ́rin-mẹ́rin, ìtọ́jú ìlera ọ̀fẹ́ fún òun àti ìdílé rẹ̀, ìsinmi ọgbọ̀n ọjọ́ lọ́dún nílé tàbí lókè òkun, ìwé ìrìnnà diplomatic títí ayé, àti ẹ̀ṣọ́. Igbákejì ààrẹ àná ní tirẹ̀ nínú òfin yìí, bí kò tilẹ̀ ní ìjókòó nínú Council of State.

Ti gómìnà yàtọ̀. Abala 124(5) kàn ní ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ lè ṣe òfin owó ìfẹ̀yìntì fún wọn. Kò sọ pé dandan ni. Ìdí nìyẹn tó fi yàtọ̀ láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀. Òfin Èkó ti 2007 fi ilé kún un. Zamfara fagi lé tiwọn ní 2019. Ní ọdún yẹn kan náà, ilé ẹjọ́ gíga àpapọ̀ l'Èkó dájọ́ nínú ẹjọ́ tí SERAP, àjọ ajàfẹ́tọ̀ọ́ aráàlú, pè pé kí ìjọba àpapọ̀ gba owó náà padà lọ́wọ́ àwọn gómìnà àná tó ti di sẹ́nétọ̀ tàbí mínísítà tí wọ́n sì ń gba owó méjèèjì pọ̀.

Láti rí i fúnra yín: ẹ lọ sórí ìkànnì Budget Office, ẹ gba òfin ìṣúná ọdún tí ẹ fẹ́. Ẹ má wá a lábẹ́ ilé ààrẹ, ẹ kò ní rí i níbẹ̀. Abẹ́ Service Wide Vote, ìyẹn owó tí kò sí lábẹ́ iléeṣẹ́ kan pàtó, ni ẹ ti máa wá "Entitlements of Former Presidents". Owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ ni ẹ máa rí o, kì í ṣe èyí tí wọ́n ná.

Fún èyí tí wọ́n ná, ẹ kọ lẹ́tà lábẹ́ òfin FOI ti 2011, tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè àkọsílẹ̀ ìjọba, sí ọ́fíìsì akọ̀wé ìjọba àpapọ̀. Ẹ kò nílò láti sọ ìdí tí ẹ fi ń béèrè. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti fèsì, wọ́n lè fi ọjọ́ méje mìíràn kún un tí wọ́n bá sọ ìdí rẹ̀. Tí wọ́n bá kọ̀ tàbí tí wọ́n dákẹ́, ẹ ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ọjọ́ yìí ló máa ń kọjá lára àwọn èèyàn, nítorí náà ẹ gba òǹtẹ̀ àti déètì sára ẹ̀dà tiyín lọ́jọ́ tí ẹ bá fi lẹ́tà sílẹ̀. Tó bá jẹ́ ti gómìnà àná ni ẹ ń béèrè, ìpínlẹ̀ ò lè sọ mọ́ pé òfin náà kò kan òun: ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti yanjú ìyẹn ní April 2025.

Ẹ má kọ "ẹ sọ gbogbo ohun tí ẹ ń ná lórí àwọn olórí àná". Wọ́n á ní kò yé wọn. Ẹ kọ ọdún kan, kí ẹ sì béèrè ohun mẹ́ta: iye tó jáde lórí owó ìfẹ̀yìntì, iye tó jáde lórí ọkọ̀, iye tó jáde lórí ilé àti ọ́fíìsì. Tí ẹ bá ti kọ ọ́ tán, ẹ gbé e síbí kí n bá yín wò ó kí ẹ tó fi ránṣẹ́.